Percentile iye ọjọ́ láàárín déètì méjì nínú Excel àti Google Sheets: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yóò ní òpó déètì méjì níwájú rẹ̀: ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ó lè jẹ́ ẹ̀sùn tí wọ́n mú wá tí wọ́n sì yanjú, ó lè jẹ́ ẹrù tí wọ́n béèrè fún tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, tàbí aláìsàn tí wọ́n gbà wọlé tó sì padà lọ sílé. Ohun tí ọ̀gá máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé, “Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó?” Ìpíndọ́gba ni ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn, ìpíndọ́gba yìí gan-an ló sì sábà máa ń ṣini lọ́nà. Percentile ló yẹ kí a fi dáhùn. Fọ́múlà rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni ohun tí a kà mọ́ ọn àti ohun tí a yọ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan náà la ó máa lò láti òkè délẹ̀. Iṣẹ́ 11 ni. Déètì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé wà ní òpó A, déètì tó parí wà ní òpó B, láti ìlà 2 dé ìlà 12. Tí a bá to iye ọjọ́ tí wọ́n gbà láti kékeré, ohun tí a rí nìyí: 2, 3, 3, 4, 5, 6, 7, 9, 12, 20, 41.

Kí ni percentile gan-an, kí ló sì fi sàn ju ìpíndọ́gba lọ?

Ẹ to àwọn iye náà bí olùkọ́ ṣe ń to ọmọ iléèwé sórí ìlà, láti orí ẹni tó kúrú jù dé orí ẹni tó ga jù. Percentile 90 ni iye tó jẹ́ pé nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kéré sí i tàbí dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Percentile 50 ni àárín gbùngbùn ìlà náà, òun náà ni fọ́múlà MEDIAN máa ń fún wa.

Àpapọ̀ iye ọjọ́ inú àpẹẹrẹ wa jẹ́ 112. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 11, ìpíndọ́gba jẹ́ 10.18. Ẹni tó gbọ́ ọjọ́ 10 yóò rò pé bí iṣẹ́ ṣe máa ń pẹ́ tó nìyẹn. Àmọ́ ẹ padà wo ìlà náà: 8 nínú 11 kò tilẹ̀ dé ọjọ́ 10. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gba ọjọ́ 41 ló gbé ìpíndọ́gba ga. Àárín jẹ́ 6, percentile 90 jẹ́ 20, àwọn méjèèjì yìí sì ti sọ fún ẹni tó ń retí iṣẹ́ ohun tó lè máa retí.

Bí àkọsílẹ̀ iye ọjọ́ ṣe máa ń rí nìyí níbi gbogbo. Kò sí iṣẹ́ tó lè gba iye tó dín sí òdo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí iṣẹ́ kan má pẹ́ títí. Nítorí náà, apá ọ̀tún ìlà náà, níbi tí àwọn tó pẹ́ wà, ló máa ń gùn.

Báwo ni mo ṣe máa rí iye ọjọ́ tó wà láàárín déètì méjì?

Ẹ yọ ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ti ìparí. Ní sẹ́ẹ̀lì D2, ẹ kọ:

=B2-A2

kí ẹ wá fà á wá sílẹ̀ dé D12. Òpó C, a ó lò ó fún orúkọ ẹ̀ka tó bá yá.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé nọ́ńbà lásán ni déètì jẹ́ fún ẹ̀rọ. Excel ka ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1900 sí 1, ó sì ń fi ẹyọ kan kún un lójoojúmọ́. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024 jẹ́ 45292. Google Sheets ń ka tirẹ̀ láti ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1899, nọ́ńbà 45292 kan náà lòun náà sì ń pè é. Aago ni ìdá tó tẹ̀ lé e: 45292.5 ni ọ̀sán gangan ọjọ́ náà.

Nígbà míì, dípò 14, ẹ máa rí déètì kan nínú oṣù kìíní ọdún 1900 nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ìṣirò yín kò bà jẹ́ o. Ìrísí déètì ni sẹ́ẹ̀lì náà jogún látọ̀dọ̀ A àti B. Ẹ yí ìrísí rẹ̀ sí Number tàbí General, 14 yóò jáde.

Àwọn kan fẹ́ràn DATEDIF. Kò burú tó bá jẹ́ “d” lẹ fi sínú rẹ̀, ọjọ́ ló máa kà. Ẹ ṣọ́ra fún “md”, Microsoft fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kò ṣeé gbára lé. Ẹ má sì fi oṣù wá percentile tí ọjọ́ bá wà nílẹ̀: oṣù kan lè ní ọjọ́ 28, òmíràn ọjọ́ 31.

Fọ́múlà percentile náà ńkọ́?

=PERCENTILE.INC(D2:D12,0.9)

Èsì rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹ lè kọ 90% dípò 0.9, ohun kan náà ni. Àmọ́ tí ẹ bá kọ 90 láìsí àmì ìdá ọgọ́rùn-ún, #NUM! lẹ máa rí, torí pé láàárín 0 sí 1 ni nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà.

Bí ẹ̀rọ ṣe dé ibi 20 rèé. Ó yọ 1 kúrò nínú iye iṣẹ́, ìyẹn 10. Ó fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 9. Ó fi 1 kún un, ó di 10. Ó wá lọ mú iye kẹwàá lórí ìlà. Tí a bá béèrè percentile 75 ńkọ́? 10 lọ́nà 0.75 jẹ́ 7.5, pẹ̀lú 1, ó di 8.5. Kò sí ẹni tó wà ní ipò 8.5, torí náà ẹ̀rọ dúró láàárín ìkẹjọ (9) àti ìkẹsàn-án (12), ó ní 10.5. Kò sí iṣẹ́ kankan tó gba ọjọ́ 10.5 nínú àkọsílẹ̀ wa. Tí ẹnì kan bá bi yín pé iṣẹ́ wo ló gbà á, ẹ má wulẹ̀ wá a.

PERCENTILE, PERCENTILE.INC, PERCENTILE.EXC: èwo ni kí n mú?

PERCENTILE lásán àti PERCENTILE.INC kò yàtọ̀ síra. Láti ìgbà Excel 2010 ni wọ́n ti pín orúkọ náà sí méjì, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí fáìlì àwọn èèyàn má bàa dàrú. EXC ni tirẹ̀ yàtọ̀: kò gbà pé iṣẹ́ tó kéré jù lọ́wọ́ yín ni percentile 0, kò sì gbà pé èyí tó pọ̀ jù ni percentile 100. Iye iṣẹ́ tí a fi 1 kún ló fi ń ṣe ìṣirò ipò.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó. Fún percentile 90, INC fún wa ní 20. EXC fi 0.9 sọ 12 di púpọ̀, ó rí ipò 10.8, ó wá rìn láti 20 lọ síhà 41, ó sì dúró sí 36.8. Àkọsílẹ̀ kan náà, ìbéèrè kan náà, ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 36.8! Fún percentile 95, INC ní 30.5, EXC ní #NUM!, torí pé ipò 11.4 ló ń wá nínú iṣẹ́ 11.

Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Rob Hyndman àti Yanan Fan, to ọ̀nà mẹ́sàn-án tí àwọn ẹ̀rọ ìṣirò ń gbà wá percentile jọ lọ́dún 1996. INC jẹ́ ìkeje nínú rẹ̀, EXC jẹ́ ìkẹfà. Ìkeje náà ni R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò) àti NumPy (irinṣẹ́ ìṣirò inú èdè Python) máa ń lò tí èèyàn kò bá sọ ohun mìíràn fún wọn. Nítorí ìdí yìí, INC ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mú: bí ẹlòmíràn bá gbé àkọsílẹ̀ náà lọ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, èsì yín yóò bára mu. Tí iṣẹ́ bá ti pé ẹgbẹ̀rún, ìyàtọ̀ méjèèjì kì í sábà tó nǹkan. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn lo INC lóṣù yìí, kó lo EXC lóṣù tó ń bọ̀, kó wá máa ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ fi ń falẹ̀.

Ṣé mo lè ṣe é láìsí òpó D?

Ẹ lè ṣe é. Nínú Google Sheets àti Excel tuntun (2021 tàbí 365):

=PERCENTILE.INC(FILTER(B2:B12-A2:A12,B2:B12<>""),0.9)

Nínú Excel àtijọ́:

=PERCENTILE.INC(IF(B2:B12<>"",B2:B12-A2:A12),0.9)

Èyí kejì yìí, ẹ má kàn tẹ Enter. Ctrl, Shift àti Enter lẹ máa tẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ló máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Síbẹ̀, èmi fara mọ́ òpó D. Bí déètì kan bá ṣì, tó di ọjọ́ -340 tàbí ọjọ́ 7,300, ojú yín máa tó o nínú òpó D. Nínú fọ́múlà tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, ó ti wọlé sápamọ́ nìyẹn.

Àwọn iṣẹ́ kan kò tíì parí, òpó B wọn ṣófo. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn èyí pín sí. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Tí B2 bá ṣófo, òdo ni ẹ̀rọ kà á sí, B2-A2 yóò sì di nǹkan bíi -45292. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ti tó láti ba percentile ìsàlẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

=IF(B2="","",B2-A2)

PERCENTILE kì í ka ọ̀rọ̀ tàbí àmì òfìfo tí fọ́múlà gbé wá, á fo ó. Ẹ má ṣe fi 0 dípò o, torí pé ó máa ka 0 sí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ tó dé.

Apá kejì ló le, òun ni ọ̀pọ̀ ìròyìn sì ń fò dá. Nígbà tí ẹ bá yọ àwọn tí kò tíì parí sílẹ̀, ta lẹ yọ gan-an? Àwọn tó ń pẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ mẹ́ta tó ṣì wà nílẹ̀ kún àpẹẹrẹ wa: ọ̀kan ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 25, èkejì fún 33, ẹ̀kẹta fún 50. Iṣẹ́ ti di 14. Ẹni tó bá fojú fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣì máa sọ pé àárín jẹ́ 6, percentile 90 sì jẹ́ 20.

Ohun tó ṣeé sọ láìparọ́ nìyí. Ẹ wá ọjọ́ orí àwọn tí kò tíì parí, kí ẹ fi sínú òpó kan náà:

=IF(B2="",TODAY(),B2)-A2

Ìlà náà di 2, 3, 3, 4, 5, 6, 7, 9, 12, 20, 25, 33, 41, 50. Àárín wà láàárín 7 àti 9, ó jẹ́ 8. Iye yìí kò ní yí padà mọ́, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣì wà nílẹ̀ ti kọjá 9 tipẹ́, ibi yòówù kí wọ́n parí sí. Percentile 90 di 38.6, àmọ́ òun ṣì lè lọ sókè, torí pé ọjọ́ orí wọn ń pọ̀ sí i. Gbólóhùn tó tọ́ ni pé “kò lè dín sí 38.6”. Láti 20 dé 38.6: ìyàtọ̀ tó lè sọ ìlérí táa ṣe fún oníbàárà di irọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ọgbọ́n yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún percentile tó bá wà nísàlẹ̀ ọjọ́ orí gbogbo iṣẹ́ tí kò tíì parí nìkan. Bí iṣẹ́ kan bá wọlé lánàá, ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 1, ó máa fa àárín wálẹ̀ láìnídìí. Tí irú wọn bá pọ̀, ọ̀nà tí Edward Kaplan àti Paul Meier gbé jáde lọ́dún 1958 ló yẹ iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe nínú spreadsheet, ṣùgbọ́n R tàbí Python ló rọrùn fún un jù.

Kí ló dé tí oṣù tó kẹ́yìn fi máa ń dà bíi pé a ti yára sí i?

Ọmọ ìyá ìbéèrè tó ṣáájú lèyí. Tí ẹ bá pín iṣẹ́ sí oṣù gẹ́gẹ́ bí déètì tí wọ́n wọlé, nínú àwọn tó wọlé lóṣù tó kọjá, àwọn tó yára nìkan ló ti ráyè parí. Àwọn tó máa gba ọjọ́ 60 ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ padà wo oṣù kan náà lẹ́yìn ìdajì ọdún, percentile 90 rẹ̀ á ti ga.

Tó bá jẹ́ déètì ìparí lẹ fi pín in, ìṣòro yẹn kò sí, ṣùgbọ́n òmíràn yọjú: oṣù tí ẹ bá fara balẹ̀ kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ kúrò nílẹ̀ ni ìròyìn yín máa burú jù, nígbà tó jẹ́ pé oṣù yẹn lẹ ṣiṣẹ́ jù. Èmi a mú déètì ìwọlé, màá sì dúró kí oṣù náà gbó kí n tó kéde nọ́ńbà rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni mo fẹ́ kà, láìsí òpin ọ̀sẹ̀ àti ọlidé.

=NETWORKDAYS(A2,B2,$F$2:$F$15)

Òpó F ni ẹ máa to déètì àwọn ọlidé sí. Àmì $ ni kò ní jẹ́ kó sún nígbà tí ẹ bá ń fa fọ́múlà wá sílẹ̀. Bí òpin ọ̀sẹ̀ yín kò bá jẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ lo NETWORKDAYS.INTL, tí nọ́ńbà kẹta inú rẹ̀ ń sọ ọjọ́ ìsinmi: 1 fún Sátidé àti Sọ́ńdè, 7 fún Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, 11 fún Sọ́ńdè nìkan.

Ohun kan máa ń da èèyàn láàmú níbí. NETWORKDAYS máa ń ka ọjọ́ méjèèjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Iṣẹ́ tó wọlé ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, tó parí ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8, gba 3 tí a bá yọ déètì kúrò nínú déètì, NETWORKDAYS sì ní 2. Iṣẹ́ tó wọlé láàárọ̀ tó parí lálẹ́ ọjọ́ kan náà jẹ́ 0 lọ́nà kìíní, 1 lọ́nà kejì. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ kan náà jẹ́ 0, ẹ yọ 1, kí ẹ sì fi MAX dí i lójú kó má bàa di -1 fún iṣẹ́ tó wọlé tó sì parí ní òpin ọ̀sẹ̀:

=MAX(0,NETWORKDAYS(A2,B2,$F$2:$F$15)-1)

Ẹ ṣe èyí nínú òpó D. Tí ẹ bá ní kí NETWORKDAYS gba odindi òpó lẹ́ẹ̀kan nínú PERCENTILE, #VALUE! ni Excel sábà máa ń dá padà.

Wákàtí àti ìṣẹ́jú ni tèmi, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ fi 24 sọ ìyàtọ̀ náà di púpọ̀ fún wákàtí, tàbí 1440 fún ìṣẹ́jú: =(B2-A2)*24. Nọ́ńbà gidi lèyí máa jẹ́, PERCENTILE á sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà.

Tí ẹ bá fẹ́ kó máa hàn bí aago, ẹ ṣọ́ ìrísí rẹ̀. Bí percentile 90 bá jẹ́ 1.25, ìyẹn ọjọ́ kan àti ìdá mẹ́rin ọjọ́, ìrísí h:mm á fi 6:00 hàn yín, ó ti gbé odindi ọjọ́ kan mì. Ìrísí [h]:mm ló máa sọ pé 30:00. Àmì igun méjì yẹn ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má padà sí òdo lẹ́yìn wákàtí 24. Nínú Google Sheets, Duration ni orúkọ ìrísí náà.

Spreadsheet kò mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn, kò sì mọ̀ pé ibi méjì tí aago wọn kò dọ́gba ni ẹ ti kọ déètì méjèèjì. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti wákàtí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Mo ń rí #####, #VALUE! tàbí nọ́ńbà tí kò bọ́gbọ́n mu.

Nígbà míì, ##### kàn ń sọ pé òpó náà tín-ín-rín ni. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tí kò lọ, ó ṣeé ṣe kí iye náà jẹ́ òdì nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ìrísí déètì. Excel kì í fi déètì òdì hàn. Déètì ìparí ti ṣáájú ti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ wo àkọsílẹ̀.

#VALUE! sábà máa ń wá láti inú déètì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lójú ẹ̀rọ. Ẹ fi =ISNUMBER(A2) dán an wò. FALSE túmọ̀ sí pé kì í ṣe déètì, bó ti wù kó jọ ọ́.

Èyí tó burú jù kì í pariwo rárá. Ká ní àkọsílẹ̀ yín fi ọjọ́ ṣáájú oṣù, àmọ́ kọ̀ǹpútà yín ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ẹ kó 03/04/2024 wọlé, ẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin lọ́kàn. Ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Kò sí àṣìṣe kankan tó hàn. Àmọ́ 25/04/2024 kò lè jẹ́ oṣù kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, torí náà ẹ̀rọ fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Àmì tí ẹ máa fi dá a mọ̀ nìyí: nínú òpó kan náà, àwọn déètì kan fara ti apá ọ̀tún, àwọn tó kù fara ti apá òsì, gbogbo èyí tó wà lápá òsì ló sì ní ọjọ́ tó ju 12 lọ. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tún àwọn ti apá òsì nìkan ṣe. Àwọn ti apá ọ̀tún gan-an ló ti yí padà. Ẹ kó fáìlì náà wọlé látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé DMY (ọjọ́, oṣù, ọdún) ni. Ẹni tó bá lágbára lórí bí wọ́n ṣe ń kọ déètì sílẹ̀, kó ní kí wọ́n máa kọ 2024-04-03, ọdún, oṣù, ọjọ́.

Tí iye ọjọ́ bá fi 1462 gééré yàtọ̀ sí ohun tí ẹ retí, ọjọ́ ọdún mẹ́rin pẹ̀lú ẹyọ kan nìyẹn: fáìlì kan ń ka déètì láti 1900, èkejì láti 1904, bí àwọn Excel àtijọ́ orí Mac ṣe máa ń ṣe, ẹnì kan sì ti da méjèèjì pọ̀.

Mo fẹ́ percentile fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ka wà ní òpó C, orúkọ ẹ̀ka tí ẹ ń wá wà ní H2:

=PERCENTILE.INC(IF($C$2:$C$12=H2,$D$2:$D$12),0.9)

Ctrl, Shift àti Enter fún Excel àtijọ́. Nínú Google Sheets, ẹ fi ARRAYFORMULA yí i ká. Ẹ rí i pé fọ́múlà tó ń mú "" jáde ló wà nínú òpó D fún iṣẹ́ tí kò tíì parí. Nínú Excel, sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo pátápátá máa ń di 0 nígbà tó bá gba inú IF kọjá.

Ẹ má rò pé tí ẹ bá fi bọ́tìnnì Filter pa àwọn ìlà kan mọ́, PERCENTILE á fò wọ́n. Á kà wọ́n. Nínú Excel, =AGGREGATE(16,5,D2:D12,0.9) ló ń ka àwọn ìlà tó hàn nìkan, 16 dúró fún PERCENTILE.INC, 5 sì ní kó fo ìlà tó fara pa mọ́.

Mo ní percentile 90 oṣù kọ̀ọ̀kan. Ṣé mo lè wá ìpíndọ́gba wọn fún odindi ọdún?

Rárá. Oṣù kan ní iṣẹ́ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ 2. Àárín rẹ̀ jẹ́ 2. Oṣù kejì ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gba ọjọ́ 40. Àárín tirẹ̀ jẹ́ 40. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 21, àmọ́ àárín iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 2. Ẹ padà sí àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ mélòó ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí percentile 90 tó ní ìtumọ̀?

Kò sí òfin kan pàtó. Ẹ kàn wo iye tó gbé e ró: nínú iṣẹ́ 11 wa, tí 20 yẹn bá di 30, percentile 90 di 30 lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ sórí. Bí iṣẹ́ kò bá tó 20, àárín àti percentile 75 ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ èyí tó pẹ́ jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi béèrè ní òdìkejì: “Ìdá mélòó ló ń parí láàárín ọjọ́ 10?”

=COUNTIF(D2:D12,"<=10")/COUNT(D2:D12)

8 nínú 11 ni, ìdá 72.7 nínú ọgọ́rùn-ún. PERCENTRANK.INC(D2:D12,10) á ní 0.733, torí pé òun náà ń dúró sáàárín iye méjì bíi PERCENTILE.INC. Ti COUNTIF ni kí ẹ fún ọ̀gá. Ó lè fi ìka kà á fúnra rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe kọ èsì náà sínú ìròyìn?

Bí àpẹẹrẹ: “Iṣẹ́ 14 ló wọlé. Ìdajì wọn parí láàárín ọjọ́ 8. Percentile 90 kò dín sí ọjọ́ 38.6, torí pé 3 ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ kàlẹ́ńdà la kà, PERCENTILE.INC la lò.” Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, ó ti mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mo da fọ́múlà yín kọ bó ṣe wà, Excel mi kọ̀ ọ́.

Ẹ wo bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń kọ ìdá nọ́ńbà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ 0,9 dípò 0.9, bíi Jámánì àti Faransé, àmì ; ni wọ́n fi ń ya apá fọ́múlà sọ́tọ̀: =PERCENTILE.INC(D2:D12;0,9). Orúkọ fọ́múlà náà lè yí padà sí èdè ẹ̀rọ yín. LibreOffice Calc mọ PERCENTILE.INC àti PERCENTILE.EXC dáadáa, ṣùgbọ́n láti 24.8 ló ti ní FILTER. Tí tiyín bá ṣáájú ìyẹn, ẹ lo ti IF pẹ̀lú Ctrl, Shift àti Enter.